Òrùka Ẹnu Ìbọn àti Ojú Ọ̀tún Àbúrò Mi Rolf

Èmi, Ivor Leopold Hentschke, agbẹ́rin tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ará ìlú Dimbeena ní ilẹ̀ Wimmera, ìpínlẹ̀ Victoria, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo wà. Egungun ìhà mi mẹ́ta ti dá, láti àná sì ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú mi níbi tí ojú kò tó. Dókítà ní àwọn yóò la inú mi ní àárọ̀ ọ̀la. Ara mi ló bàjẹ́. Orí mi pé. Mo mọ ọjọ́ tí a wà, mo mọ orúkọ àwọn ọmọ mi, mo sì mọ ẹni tí mo ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀ mí. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́.

Lọ́yà mi, Yvette Burnell, ní kí n pín ogún mi kí n sì dákẹ́. Mo sọ fún un pé ogún tí a pín láì sọ ìtàn rẹ̀, ìjà la fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

1. ÀWỌN ALÁMÙÚṢẸ. Ọmọbìnrin mi Glenys àti Yvette Burnell ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ. N kò fi ọmọkùnrin mi Dale kún wọn.

Dale, má bínú. Àná ni o dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn yìí, tí o fi ìkúùkù gbá ògiri, tí o ní, "Bàbá, ẹ ṣáà dárúkọ ẹni náà fún mi. Ẹ dárúkọ ẹ̀, kí ẹ wá wo nǹkan tí màá fojú ẹ̀ rí." Ohùn ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ, ẹ̀rù sì bà mí.

2. ILÉ. Ilé tó wà ní ojú ọ̀nà Schier, pẹ̀lú táǹkì omi òjò méjèèjì, mo fi fún Glenys.

Ihò kan wà lára ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ mi ló ṣe é ní 1979, nítorí pé oúnjẹ tutù. Coral, ìyá rẹ, kò jẹ́ kí n dí i. Ó ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí àlejò lè máa rí irú ẹni tó ń gbé níbí." Glenys, o lè dí i báyìí, o sì lè fi í sílẹ̀. Ilé ti di tìrẹ.

3. ILẸ̀. Ogójì éékà tí wọ́n ń gbin àlìkámà sí lẹ́yìn ilé ìkó-ọkà, mo fi fún Dale, àfi bí ó bá fọwọ́ kan ẹni tí mo dárúkọ ní abala kẹjọ. Bí ó bá fọwọ́ kàn án, tàbí tó rán ènìyàn sí i, ilẹ̀ náà di ti Glenys lọ́jọ́ náà gan-an.

4. ẸRAN. Àgùntàn mọ́kànlá tó kù, kí a tà wọ́n pọ̀. Wọ́n ti dàgbà jù láti pín. Ajá mi, Tig, ti yan olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wá síbí, ọ̀dọ̀ Marlene Jachmann ló ń sùn. Kí ó máa gbé ibẹ̀. Ó máa ń bu ọlọ́pàá jẹ. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ tètè so ó.

5. IRINṢẸ́ ÀTI ÌBỌN. Ẹ̀rọ léèdì tí mo fi ń gbẹ́ irin, gbogbo irinṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, àti ìbọn ọta kékeré mi méjèèjì, mo fi fún Marlene Jachmann, akọ̀wé ẹgbẹ́ ayìnbọn wa. Òun nìkan ló ní ìwé àṣẹ ìbọn nínú gbogbo ẹni tí mo ń dárúkọ. Kọ́kọ́rọ́ àpótí irin wà lọ́wọ́ Yvette.

Marlene, ó di ọdún mẹ́jọ tí o ti ń bi mí bí mo ṣe ń yan òrùka ẹnu ìbọn, tí mo sì ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Gbọ́ ọ báyìí. Bí ìbọn bá ti dún, ọ̀pá rẹ̀ a máa mì bí ẹ̀ka igi tí ẹyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kúrò lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọta kan yá, èkejì lọ́ra, bí wọ́n tilẹ̀ jáde láti inú páálí kan náà. Bí a bá fi mímì náà sílẹ̀ láì tọ́ ọ, ihò ọta yóò to ara wọn lérí lára bébà ìyìnbọn bí àtẹ̀gùn. Òrùka irin tí a dè mọ́ ẹnu ìbọn la fi ń tọ́ ọ, kí ọta tó lọ́ra lè jáde nígbà tí ẹnu ìbọn gbé sókè díẹ̀, kí èyí tó yá jáde nígbà tó relẹ̀ díẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì pàdé nínú ihò kan ṣoṣo ní àádọ́ta mítà.

Má yan òrùka nítorí pé ó ń dán. Kọ́kọ́ wá ọta tí ìbọn rẹ fẹ́ràn. Òrùka kò lè tún ọta burúkú ṣe. Ọ̀pá tó tẹ́ẹ́rẹ́ kò fẹ́ ẹrù wúwo. Ọ̀pá tó nípọn kò sì ní mọ̀ pé o fi nǹkan fífúyẹ́ kọ́ òun lẹ́nu. Kí àwọn ìlà tó yí i ká hàn ketekete, kí ó máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kí síkúrù tó dè é sì di gírígírí. Jáde ní àárọ̀ ọjọ́ tí àsíá afẹ́fẹ́ bá ń sùn. Bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Yin ọta mẹ́ta, yí òrùka ní ìlà márùn-ún, yin mẹ́ta mìíràn. Má wo ọ̀tún, má wo òsì. Afẹ́fẹ́ ló ni ìyẹn. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni kí o máa wò. Níbi tí àtẹ̀gùn náà bá ti wó di ihò kan, máa fi ìlà kọ̀ọ̀kan wá àárín gbùngbùn rẹ̀, dè é, kí o sì mú ọwọ́ kúrò. Ọwọ́ rẹ yá jù, Marlene. Ọta kan péré ṣìnà, o ti tún un yí. Ẹni tó ń yí òrùka lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, ìbẹ̀rù ara rẹ̀ ló ń yí.

6. ÒRÙKA IDẸ TI 1986. Òrùka ẹnu ìbọn kan wà nínú agolo tábà lókè fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Idẹ ni. Mo fi fún àbúrò mi, Rolf Hentschke, pẹ̀lú síkúrù rẹ̀ tí eyín rẹ̀ ti jẹ.

Rolf ló kọ́kọ́ ń fẹ́ Coral. Ó mú un wá sí pápá ìyìnbọn ní 1966 kí ó lè wo bí òun ṣe ń yìn. Èmi ni Coral bá lọ sílé. Rolf wá síbi ìgbéyàwó wa, ó rẹ́rìn-ín, ó jó. Ogún ọdún ni mo fi ń retí ọjọ́ tí yóò gbẹ̀san.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹwàá 1986, a ń du ife ìpínlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá ibi tí òrùka mi yóò dúró sí, mo sì rí i: ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n. Ní bébà kìíní àti ìkejì, kò sí ẹni tó sún mọ́ mi. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ní bébà kẹta, ọta mi bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Rolf, tó wà ní tábìlì tó kan tèmi, yọjú wo bébà mi. Ó ní, "Ivor, ṣé ìbọn lo gbé wá ni, àbí ìgbálẹ̀?" Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Rolf ló gba ife. Nígbà tí mo wo òrùka mi, ìlà kẹtàlélógójì ló wà. Mo rántí pé Rolf nìkan ló jókòó ti ìbọn mi nígbà tí a ń jẹun. N kò wá ẹ̀rí mìíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú bíà, ó ní kí á jọ mu ún. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo mú ọ̀pá irin kan tí n kò tíì lu ihò sí nínú. Mo fi fọ́ párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó wá ń mi orí sí mi, rárá, rárá. Mo rí i pé ó ń mi orí. Mo tún lù ú. Nígbà tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo dúró lé e lórí, mo sì fi ẹnu ọ̀pá náà gún ojú ọ̀tún rẹ̀, ojú tó fi ń yìnbọn. Mo mọ ojú tí mo gún. N kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ọwọ́ mi ló yọ̀.

Coral fọ́ fèrèsé wọlé. Mo tì í lu ẹ̀rọ, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Ó dìde, ó wá dúró láàárín àwa méjèèjì, ó ní, "Ó wá ku èmi. Lù mí pa, kí o lè lọ sinmi." Ìgbà náà ni mo ju ọ̀pá sílẹ̀.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé ọ̀dọ̀ Rolf ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi wáyà di ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó kọ ọ́ sórí ìwé fún wọn pé irin ló fò jáde lára ẹ̀rọ. Ó kọ ọ́ fún Coral pé òun kò fẹ́ kí Glenys àti Dale máa lọ wo bàbá wọn lẹ́wọ̀n. Coral kó àwọn ọmọ, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ìlú Horsham lọ́sẹ̀ náà, kò sì padà wá. Rolf kò yìnbọn mọ́.

Ní 2004, lẹ́yìn tí a sin Coral, mo tú òrùka náà láti fọ̀ ọ́. Eyín síkúrù tó yẹ kó dè é ti jẹ tán. Mo dè é padà bó ṣe wà, mo fi sí ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n, mo sì yin iye ọta tí mo yìn lọ́jọ́ ìdíje yẹn láì fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo wò ó, ó ti rìn dé ìlà kọkànlélógójì. Ìbọn fúnra rẹ̀ ló ń yí i. Èmi ni mo sì gbẹ́ síkúrù náà. Rolf kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi pa á mọ́nú. Mo ń pàdé rẹ̀ níbi tí a ti ń ra búrẹ́dì, pẹ̀lú awọ dúdú tó fi bo ojú. Mo ń kí i. Ó ń kí mi.

7. ÌSÌNKÚ. Ẹ má sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Coral ní Horsham. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Glenys kó tó kú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Dimbeena ni kí ẹ sin mí sí. Kí ẹgbẹ́ má yin ìbọn kankan lórí sàárè mi.

8. ÀBÚRÒ MI ROLF. Bí mo bá kú ikú tó ti ara ìpalára yìí wá, n kò fẹ́ kí ọmọ mi tàbí ẹbí mi kankan pe Rolf Hentschke lẹ́jọ́. Mo ti sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé mo ṣubú sínú ihò òpó ọgbà. Yvette ní ìwé ìhágún kò lè di ọlọ́pàá lọ́wọ́, pé bí mo bá kọ òtítọ́ síbí wọn yóò kà á. Kí wọ́n kà á. Kí wọ́n ka abala kẹfà pẹ̀lú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wakọ̀ lọ sílé Rolf. Ó ń gbẹ́ ihò òpó sí ọgbà adìyẹ rẹ̀. Mo dúró létí ihò náà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìgbà wo lo ti mọ̀?" Mo sọ ọdún rẹ̀. Ó fi ṣọ́bìrì gún ilẹ̀. Ó wá ní, "Mo rò pé o ò mọ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ara mi pé Ivor ò mọ̀ ni, ká ní ó mọ̀ ni, ì bá ti wá."

Ó gbé ṣọ́bìrì. Ìhà mi ló gbá, lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dá. N kò gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tí mo ṣubú, ó na ṣọ́bìrì náà sókè sí ojú mi, ó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jù ú sínú ihò.

Òun ló pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ náà fi ń bọ̀. Rolf jókòó sínú ekuru, ó gbé orí mi lé itan rẹ̀. Mo ní, "Rolf, dárí jì mí." Ó ní, "Rárá. Mi ò tíì ṣe tán." Ó tún ṣe díẹ̀, ó ní, "Èyí tó o sọ lẹ́ẹ̀kan, tún un sọ." Mo ní, "O ò fọwọ́ kàn án." Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí ọkọ̀ fi dé, tí wọ́n fi gbé mi wọ inú rẹ̀, tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.

Glenys, bí n kò bá jí lọ́la, iṣẹ́ yẹn ni ogún rẹ tó kẹ́yìn. Lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí o máa bá mi sọ ọ́ fún un, títí yóò fi ní ó tó.

Mo fọwọ́ ara mi sí i, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ, ọdún 2023, lójú àwọn méjì tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀, tí kò sí ohun kan fún wọn nínú ogún mi.

Ivor Leopold Hentschke

Ẹlẹ́rìí kìíní: Sunita Pillai, nọ́ọ̀sì.
Ẹlẹ́rìí kejì: Bernard Oxley, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, tó wà ní ibùsùn tó kọjú sí tèmi.