Ọ́fíìsì Mi Nínú Ilé Màmá

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Ọ̀nà Ìbàdàn,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ọmọ́tọ́ṣọ́, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Òtútù Jọ́ọ̀sì ńkọ́? Ṣé ọmọ ti ń sùn dáadáa? Ara èmi àti Ìtùnú ọmọ mi le. Oṣù mẹ́ta rèé tí a sin Màmá, mi ò tíì lè ká aṣọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn.

O rántí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí mo bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà. Wọn á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Moṣọpẹ́ ti lọ síbi iṣẹ́," bẹ́ẹ̀ ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin wa. Ìtùnú pàápàá gbà pé mo ti lọ. Tí mo bá jáde nírọ̀lẹ́, á sáré wá kí mi káàbọ̀, á sì máa sọ ìtàn ọjọ́ rẹ̀ fún mi.

Ní báyìí, kò sẹ́ni tó ń dá èèyàn dúró mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wà nínú ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí Ìyá Adébóyè, ọ̀rẹ́ Màmá láti Odògbolú, wọlé wá bá mi kẹ́dùn. Ṣé kí n jókòó kí àgbà ni? Mo kúnlẹ̀, mo sì pòórá lójú àwọn tá a jọ ń ṣèpàdé. Gbogbo ọ́fíìsì l'Ékòó gbọ́ àdúrà ìyá náà látòkè délẹ̀. Ìyá náà wá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà: "Ta ni baba tó fajú ro yìí? Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jù o, ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Rufus, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí n yàn: yálà kí n máa wá sí Èkó lójoojúmọ́, tàbí kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Tí mo bá ń lọ Èkó, Ìtùnú kò ní tíì jí kí n tó jáde, á sì ti sùn kí n tó dé.

Mo kọ ìwé tí mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé láàárọ̀. Mo fà á ya. Òwúrọ̀ yìí ni mo bẹ Ọ̀gbẹ́ni Rufus kí n máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sàn-án, kí n parí láago mẹ́jọ alẹ́, torí àárọ̀ ni àwọn tó ń kẹ́dùn máa ń wá. Wọ́n gbà, títí dé ìparí oṣù. Ọ̀dọ̀ Ikhlas, aládùúgbò wa, ni Ìtùnú á ti máa jẹun alẹ́. Ìtùnú ní, "Mọ́mì, ta ló máa wá gbọ́ ìtàn tèmi?"

Mo mọ̀ pé wàá ní kí n kúkú sọ fáwọn èèyàn pé ó tó. Tí wọn ò bá wá mọ́, kò ní sí ẹni tí yóò máa dárúkọ Màmá nínú ilé yìí, àfi èmi nìkan. Tí ìwọ náà bá pè, má yẹ ọ̀rọ̀ Màmá sílẹ̀ mọ́. Jọ̀ọ́, sọ̀rọ̀ wọn fún mi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó o sì bá mi gbé ọmọ jó díẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí ohùn rẹ,

Moṣọpẹ́.