Ìyá Kékeré Di Èéfín Nínú Fọ́tò

Tiwalọlá ọmọ mi, ọkọ mi, ẹni tí mo pọ̀n tí kò tọ̀ sí mi lára rí àfi lẹ́ẹ̀kan, ṣé dáadáa lo wà ní Ìbàdàn? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run tó tọ́jú ẹ títí tí o fi ga ju ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi lọ kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Gbogbo wa la wà láàyè ní Ìjàgbà, Ìyá Kékeré náà wà láàyè, fi ìyẹn sọ́kàn dáadáa kí o tó ka ìyókù. Àgátà tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Ọ̀wọ̀ ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó ní òun lè fi fóònù pè ọ́, mo ní rárá, ọ̀rọ̀ fóònù a máa gé níbi tó bá dùn, ìwé kì í gé.

Fọ́tò ńlá tí o fi rán Àlíyù awakọ̀ ti dé. Ó fi aṣọ ìbora dì í bí ọmọ tuntun. Mo yọ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kúrò ní pálọ̀ kó lè ráyè, kí Ọlọ́run má bínú, ọdún kàlẹ́ńdà yẹn náà ti kọjá. Gbogbo àdúgbò ló ti wá wò ó. Mo ní omi àpáta ẹ̀yìn oko wa ni, èyí tí wọ́n ti ń rí láti kékeré tí wọn ò kà sí. Wọ́n ní irọ́ ni, pé òwú ni, òmíràn ní wàrà ni, Babátọ́pẹ́ tó ṣe káńsẹ́lọ̀ rí ní ìkúukùu ni. Mo wá ṣàlàyé fún wọn, nítorí èmi ni mo wà níbẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ fọ́tò tiyín, wíwò ló ń wò, ti ọmọ mi, mímu ló ń mu. Ó la ojú kalẹ̀, ó ń rọra mu omi náà títí ó fi yó. Mo ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró, torí ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, àti pé o fi awò dúdú bò ó kí oòrùn má baà fọ́ ọ lójú. Babátọ́pẹ́ gbà fún mi. O mọ̀ pé kì í gbà fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tí o sì ní wọ́n gbé irú rẹ̀ kọ́ ògiri ní Ìbàdàn, tí àwọn èèyàn ńláńlá ń dúró síwájú mi tí wọ́n ń wò mí, orí mi wú. Àmọ́ ta ló gbà wọ́n lálejò? Ṣé wọ́n kàn wò mí, wọ́n sì lọ láìjẹun? Nígbà mìíràn tètè sọ fún mi, màá fi iṣu ránṣẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. O rántí ọjọ́ tí o yà wá, o ní kí èmi àti Ìyá Kékeré dúró sórí òkúta, ká má mira rárá. Mo dúró. Mo ń ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run nínú ọkàn mi, mo ti dé dárí gbèsè wa jì wá kí o tó ní ó tó. Kòkòrò kan gun ọrùn mi, ó bù mí jẹ, mi ò mira. Bí mo ṣe wà nínú fọ́tò nìyẹn, gbọnin-gbọnin, ìhunjọ ojú mi kan ò sọnù. Ṣùgbọ́n Ìyá Kékeré, Oyèkẹ́ orogún mi, di èéfín. Àpáta ẹ̀yìn rẹ̀ ń hàn láàárín àyà rẹ̀. Kò lójú, kò nímú.

Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wọ yàrá. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Lọ́jọ́ kejì kò jẹun. Lọ́jọ́ kẹta ó ní ẹ̀rọ Tiwalọlá ti rí ohun tí ojú wa ò rí, pé òun ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe Ògúnbọ̀dé ọmọ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ kó wá gba kọ́kọ́rọ́. Àgátà fún un ní oògùn ibà, ó ní kí ni oògùn fẹ́ ṣe fún èéfín. Ó pín àwọn ìró rẹ̀, ó fún mi ní èyí tó dáa jù, aláwọ̀ ewé tí mo ti ń wò láti ìgbà tí ọkọ wa ti kú. Mo gbà á, mo dé yàrá mi, mo bú sẹ́kún. Ogójì ọdún la ti ń jà nínú ilé yìí, ọmọ mi. Ta ni màá tún máa bá jà?

Mo gbé fọ́tò náà sẹ́nu ọ̀nà níbi ìmọ́lẹ̀, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ojú mi ò tíì bàjẹ́. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀ kedere, tòun ti àpá ibi tí ọkọ́ ti ṣá a. Mo ní ikú wo ló ń mú orí tó ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀? Mo wá rántí. Nígbà tí ẹ̀rọ ń mu lọ́wọ́, Sìlífátù tó ń ta ata gba àárín àwa àti ẹ̀rọ kọjá, agbọ̀n lórí, ó ní ẹ kú odò o. Èmi ò dáhùn, ó sì ń bínú sí mi di òní. Ṣùgbọ́n Oyèkẹ́ kì í gbọ́ ìkíni kó má jẹ́ ẹ, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ó yíjú, ó juwọ́, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọkọ, ó béèrè ata. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò kí Sìlífátù.

Mo wá Sìlífátù fúnra rẹ̀ nínú fọ́tò, kò sí, agbọ̀n gan-an ò sí. Mo ránṣẹ́ pè é, mo mú un wọ yàrá Oyèkẹ́, mo ní ìwọ tí o ṣẹ́kù díẹ̀, wo ẹni tí kò ṣẹ́kù rárá, tó bá jẹ́ ikú ni ẹ̀rọ ń rí, ó yẹ ká ti jẹ sàráà ẹni yìí tán. Háà! Sìlífátù bú mi, ó fi ti ìkíni ọjọ́sí kún un. Nígbà tí Oyèkẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú mi, ara rẹ̀ yá, ó dìde jókòó, òun náà ń bá a bú mi. Kí Sìlífátù tó lọ, Oyèkẹ́ ti jẹ ẹ̀bà méjì. Ó sì gba ìró aláwọ̀ ewé padà lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ó wá fẹ́ kí o tún òun yà. Láràárọ̀ báyìí, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ń dúró sí, ó ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń dúró láìmira. Wọ́n á kí i, kò ní dáhùn, gbogbo Ìjàgbà ti ń sọ pé ọmọ tó ń ya fọ́tò ti sọ ọ́ di agbéraga. Nítorí náà, wá kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, tí omi àpáta bá gbẹ, kí lo fẹ́ yà? Fi owó bàtà rọ́bà méjì ránṣẹ́, tèmi àti ti Oyèkẹ́, irú èyí tí kì í yọ̀ lórí òkúta. Fi rán obìnrin POS tó ń ta owó lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà rẹ̀ wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í fàya.

Àgátà, kọ èyí dáadáa. Láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́ ìyálé, iwájú ni mò ń dúró sí nínú gbogbo fọ́tò. Tiwalọlá, lọ́tẹ̀ yìí, fi Oyèkẹ́ síwájú. Mo mọ̀ ọ́n, ẹnì kan á kọjá, á kí wa, Oyèkẹ́ á sì dáhùn. Má jágbe mọ́ ọn. Èmi náà á mira díẹ̀, ká jọ di èéfín.

Ojú tí o fi ń rí ohun tí aráyé ń fojú fò kò ní ṣú. Omi tó ń sáré dúró fún ẹ, ire tó ń sáré á dúró fún ẹ. Àmín.

Èmi ìyá rẹ àgbà, ní Ìjàgbà.