Irọ́ Tí Mo Pa ní Yunifásítì Fẹ́ Gba Oko Ọ̀rẹ́ Mi

Irọ́ ni mo pa o... kí n tètè sọ ọ́ kí n má baà tún fi òmíràn bò ó. Káfíńtà ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Tunga ní Minna níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kí ẹsẹ̀ dídùn tó dá mi jókòó sílé ní Sauka Kahuta. Prámárì fáìfù ni ìwé mi mọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti gba dìgírì tipẹ́.

Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan níbí. Wọ́n fẹ́ kọ strategic plan, ìyẹn ìwé tí yóò sọ ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ, wọ́n ní kí àwọn àgbà wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀, ló bá mú mi lọ. Wọ́n lẹ bébà ńlá mọ́ ògiri, wọ́n pín in sí mẹ́rin: agbára wa, àìlera wa, àǹfààní tó wà níta, àti ewu. Òfin wọn ni pé ohunkóhun tí èèyàn bá sọ, kíkọ ni, lẹ́yìn náà kálukú á lẹ àmì pupa mọ́ èyí tó ká a lára jù. Wọ́n fún mi ní meat pie, wọ́n gbé máíkì fún mi... ṣé ẹ rí i pé ẹ̀bi wọn ni? Rárá, ẹ̀bi mi ni.

Mo ní nígbà tí Minna ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú ìlú ìpínlẹ̀, ojú mi báyìí ni àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ṣe ri òpó kọnkéré mọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ hostel sí yìí, tí ilẹ̀ gbé òpó mì, tó gbé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mì lé e, ọjọ́ kẹta la gbọ́ igbe ẹ̀ ní Bida! Wọ́n rẹ́rìn-ín, inú mi dùn. Àṣé ẹni tó di báírò mú ń kọ ọ́. Wọ́n yọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kúrò, wọ́n fi ilẹ̀ tó ń rì sílẹ̀ lábẹ́ ewu, òun ló sì gba àmì pupa jù. Bẹ́ẹ̀ ìgbà tí mò ń wí yẹn, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fá pákó.

Ìwé ti jáde báyìí... wọ́n ti sún hostel lọ sórí oko iṣu Sule, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Gwari, ilẹ̀ yunifásítì tí bàbá ẹ̀ ti ń dáko sí kí wọ́n tó dé. Ó ti gbin iṣu ọdún yìí. Ó gbé iṣu méjì wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní, “Kai, Baba Káfíńtà, ta ló sọ pé ilẹ̀ yẹn ń rì?” Mo ní Allah ya kiyaye, kí Ọlọ́run ṣọ́ wa. Mo sì gba iṣu náà! Irú èèyàn wo ni mí?

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ka ìwé náà fún ìgbà ìkẹyìn kí wọ́n tó gbà á wọlé. Bí mo bá dìde sọ òótọ́, á kó bá ọmọ mi, òun ló fọwọ́ sí i pé ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbọ́kàn lé ni mí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sókè lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá dákẹ́, katakata ló máa hú iṣu Sule. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ọmọ mi ni àbí Sule? Àbí kí n kàn dìde níwájú gbogbo wọn? Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin èèyàn mi... báwo ni èèyàn bíi tèmi ṣe ń sọ òótọ́ tí wọ́n fi ń gbà á gbọ́?