Òkúta Mi Tó Wà Lábẹ́ Igi Èmì

Ilé Àlejò Abẹ́ Òkè,
Mẹ́sítíà,
Orílẹ̀-èdè Jọ́jíà.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025.

Yẹ̀kínì, ọ̀rẹ́ mi àtọmọdé,

Mo kí ọ, mo kí Sàrátù ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara Ìyá le? Ṣé orúnkún tó máa ń dùn wọ́n nígbà ọyẹ́ kò yọ wọ́n lẹ́nu lọ́dún yìí? Iṣu ńkọ́, ṣé ẹ ti kó o tán lóko, àbí màlúù tún ti ṣáájú yín débẹ̀? Mo mọ̀ pé ọyẹ́ á ti mú ní Kómu báyìí, ìwọ náà á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀wù òtútù bàbá rẹ tó dé ọ lórúnkún yẹn. Má bínú, n kò tíì gbàgbé ẹ̀wù náà.

Misturat, ọmọ Òtu tó ń kàwé lórílẹ̀-èdè yìí, fi ìwé rẹ lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ǹ bá fi fóònù fèsì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o ka èyí sí bàbá mi létí, Bàbá kò sì gbà pé ohùn tó ń ti inú fóònù jáde jẹ́ ohùn ènìyàn gidi. O ní ní ìpàdé ọdẹ ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì, kí wọ́n tó tiná bọ igbó, Olúọdẹ Akínyẹlé yóò mú òkúta mi kúrò lábẹ́ igi èmì, wọn yóò sì jù ú sódò, torí pé ọdún méje ti pé tí mo ti kúrò nílé. O ní kí ni kí o sọ fún wọn. N ó dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ibi tí mo wà fún ọ, nítorí o ní iṣẹ́ mi kò yé ọ rárá.

Òkè ni ibí. Àwọn òkè Ṣakí tí a fi ń yangàn kò tó ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Yìnyín ló bò wọ́n, kì í ṣe irú èyí tó ń bá òjò àkọ́rọ̀ wá tí àwọn ọmọdé ń ṣa jẹ o. Èyí gbẹ, ó fúyẹ́ bí ẹ̀lùbọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀. Àwọn àlejò wa á de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á jókòó sórí àga tí okùn irin ń fà lọ sókè, wọ́n á wá máa yọ̀ bọ̀ wálẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n tún ṣe wà, wọn kò fẹ́ ẹ. Ibi tí ẹsẹ̀ kankan kò tíì tẹ̀ ni wọ́n ń wá, nínú igi àti létí ọ̀gbun, àgbàlagbà tó ní ilé tó ní ọmọ ni mo sì ń sọ yìí. Gbogbo ayé ni wọ́n ń wá a kiri. Wọ́n ní erékùṣù kan wà ní àríwá Jàpáánù tí yìnyín rẹ̀ ń bo òrùlé, wọ́n ní ní Àlásíkà ẹlikọ́pítà ló ń já ènìyàn sí góńgó òkè. Lọ́dún tó kọjá mo ru ẹrù tẹ̀ lé wọn dé Gọ́límáàgì ní Káṣímíìrì. Lókè níbẹ̀, èémí kò tó ènìyàn mí, ṣùgbọ́n bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ la gbọ́ ìpè ìrun láti abúlé, mo sì rántí rẹ. Èmi kì í bá wọn yọ̀. Mo ń ru ẹrù, mo ń se oúnjẹ, mo sì ń wò wọ́n.

O ṣàkíyèsí pé n kò dárúkọ ilé-ìwé tí mo tìtorí rẹ̀ kúrò nílé. Ọdún kejì tí mo dé ni mo ti fi í sílẹ̀. Ojú ń tì mí, òun ni kò jẹ́ kí n wálé, kì í ṣe iṣẹ́.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ òkúta. O mọ̀ bó ṣe rí ní agbo àwọn bàbá mi: ẹni tó bá ń wọgbó á fi òkúta tirẹ̀ sábẹ́ igi èmì, bó bá dé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú un. Ẹnìkan kì í mú ti ẹnìkejì. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́ tí òkúta kan ṣẹ́ kù, wọn kì í jókòó, wọ́n á padà sígbó. Lọ́jọ́ tí mo ń kúrò nílé, Bàbá mú èmi àti báàgì mi débẹ̀. Mo ní kì í ṣe ọdẹ ni mo ń lọ ṣe. Wọ́n ní ibi gbogbo tí a kò bá mọ̀, igbó ni. Mo fi òkúta pupa kan sílẹ̀ láti tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ó yà mí lẹ́nu pé mo gbé àṣà náà débí. Mo ní kí àlejò kọ̀ọ̀kan máa fi òkúta kan sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà láàárọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é. Zúrà, ọ̀gá wa, kò kà á sí. Káàdì ni tirẹ̀, tí àlejò ń fi kan ẹ̀rọ bó bá ti wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn àlejò méjìlá jáde. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń pariwo, mo lọ gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà, mo bá òkúta dúdú kan lórí bẹ́ǹṣì. Ti Ìyá Íńgà ni, arúgbó kan láti Nọ́wè tó fẹ́ràn àti máa dá yọ̀ gba inú igi. Mo sọ fún Zúrà. Ó fi ẹ̀rọ hàn mí, méjìlá pé, ó ní bóyá ìyá náà gbàgbé òkúta ni, wọ́n á ti lọ sùn. Mo ní òkúta wà níbẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Mo mú ṣọ́bìrì, mo jáde, ó sì bú mi kó tó tẹ̀ lé mi.

Abẹ́ igi ńlá kan nínú igbó tí wọ́n máa ń yọ̀ gbà la ti bá Ìyá Íńgà. Yìnyín kì í dì dáadáa nídìí igi, ihò ló máa ń wà níbẹ̀. Ìyá ti jìn sínú rẹ̀ dé àyà, ẹsẹ̀ kan ti kán, ohùn wọn ti há. Báàgì wọn ló ya, ni wọ́n fi fi káàdì wọn sọ́wọ́ àlejò mìíràn, onítọ̀hún sì fi méjèèjì kan ẹ̀rọ láìronú. Dókítà ní ká ní a kò wá wọn lọ ni, wọn kì bá rí ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n fi igi méjì tẹlẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn. Òkúta wọn ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n bi mí pé ṣé kò sẹ́ni tó lè bá wọn mú un wọlé ni. Mo ní nílé wa, ẹni tí a kò retí mọ́ nìkan ni à ń bá mú un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìrora, wọ́n mú un, wọ́n sì sunkún. Lọ́jọ́ kejì ni ìwé rẹ dé.

Yẹ̀kínì, n kò fẹ́ kí wọ́n jù mí sódò. Mo ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú, ọjọ́ keje oṣù Kejì ni n ó sọ̀ l'Ékòó. Ka ìwé yìí sí Bàbá létí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má sì fo ibi tí mo ti sọ ti ilé-ìwé. Bá mi kí Sàrátù, bá mi kí Ìyá, kí Ràmọ́nì tí ń tún ọ̀kadà ṣe, kí o sì bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Olúọdẹ. Bí ọ̀nà Ìṣẹ́yìn bá dá mi dúró tí wọ́n sì ti péjọ láàárọ̀, sọ fún wọn pé ìrọ̀lẹ́ la máa ń ka òkúta. Kí ẹnikẹ́ni má mú tèmi. Mo ń bọ̀ wá mú un.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì sọnù,
Fábíyìí Ọdẹ́jọbí