Fọ́tò Ọjọ́ Ìbí Tí Ẹ Ò Sí Níbẹ̀

Olúrótìmí Adésọjí, ọkọ mi, Bàbá Ọmọ́wùmí, ọdún mẹ́fà rèé!

Inú rírun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ló mú yín lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́. Oyún wà nínú mi nígbà náà. Ẹ ò dúró kí ẹ mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo.

Abo ni. Ọmọ́ṣaléwá ni Màmá yín sọ ọ́. Ojú yín ló gbé wá sáyé, ìrìn yín ló ń rìn. Ọmọ́wùmí ti wọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. A ti kan òrùlé ilé Àpòmù, rírẹ́ ògiri ló kù. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò yín ní Ìkirè ṣì ń ṣí láràárọ̀, orúkọ yín ṣì wà lókè ilẹ̀kùn.

Ó yẹ kí n dúró síbi ìròyìn ayọ̀ yìí. Ọkàn mi ò jẹ́. Mo ṣẹ̀ yín, mo sì ṣẹ ọmọ yín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹ mọ̀ pé n kì í wọ yàrá òkùnkùn yín. Ẹ̀yin lẹ ń ya fọ́tò, ẹ̀yin lẹ ń fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Tèmi ni kí n fún oníbàárà ní ìjókòó. Lẹ́yìn tí ẹ lọ ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú. Kò pẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ni iṣẹ́ tún yí padà. Wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe ní Ìbàdàn, àwọn oníbàárà wa sì ń gba ibẹ̀ lọ. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo lọ kọ́ ọ ní Mọ́kọ́lá, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́lánlé.

Háà! Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Bọ́lánlé á ní kí n ṣe kírọ́ọ̀pù, n ó kàn máa wò ó lójú. Àṣé kí n gé etí fọ́tò dànù ló ń wí. Ó ní kí n ṣe kílóònù. Àṣé kí n bu ibi tó dára fi bo ibi tó bàjẹ́ ni. Ti léyà ló le jù. Mo rò ó títí, kò yé mi. Bọ́lánlé bá mú ọ̀rá mímọ́ gaara méjì, ó ya ilé sára ọ̀kan, ó ya igi sára èkejì, ó kó wọn léra.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó. Bí ẹ bá yọ igi yìí kúrò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé igi wà níwájú ilé yìí rí. Bí ẹ bá sì dá a padà, wọ́n á ní ibẹ̀ ló hù sí."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ì bá má yé mi!

Lọ́jọ́ mìíràn ó dárúkọ dọ́ọ̀jì, ó dárúkọ bọ́ọ̀nù, ẹkún sì gbọ̀n mí lórí àga. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni! Bí mo bá kanlẹ̀kùn yàrá òkùnkùn, ẹ ó pariwo pé, "Má ṣí i o! Mo ń dọ́ọ̀jì ojú ìyàwó!" Mo rò pé àwàdà lẹ ń ṣe ni. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ lẹ fi ń ṣíji bo ojú náà lábẹ́ iná, kó má baà dúdú jù. Bọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ ni kí iná pẹ́ lára ibi tó funfun jù, kó lè dúdú sí i. Bọ́lánlé ní kí ló dé, mo ní kò sí.

Mo mọ iṣẹ́ náà, ọkọ mi. Fọ́tò kan ṣoṣo tí Sàlámọ̀tù aláta ní ti ìyá rẹ̀, ikán ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà tán. Mo tún un ṣe. Nígbà tí mo fi lé e lọ́wọ́, ṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, tó ń pe ìyá rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń wá, láti Ìkirè-Ilé, láti Aṣéjìre. Inú mi dùn. Inú mi dùn jù.

Ọmọ́ṣaléwá wá pé ọdún márùn-ún. A ya fọ́tò. Òun ló jókòó sórí àga, Màmá wà lápá ọ̀tún, èmi àti Ọmọ́wùmí wà lápá òsì. Ẹ̀yìn àga ṣófo. Mo wo ibi tó ṣófo yẹn títí, mi ò lè gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Mo wá fọ́tò tí ẹ yà níbi ìgbéyàwó àbúrò yín. Mo gé yín jáde. Mo fi yín sórí léyà tiyín, mo gbé yín dúró sẹ́yìn àga. Ọwọ́ yín tó wà léjìká ọkọ ìyàwó, mo gbé e lé èjìká ọmọ yín. Mo dọ́ọ̀jì ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, mo bọ́ọ̀nù ẹ̀gbẹ́ agbádá yín, títí ìmọ́lẹ̀ ara yín fi bá tiwa mu. Ó pé! Ilé wa pé!

Mo ṣe é ní méjì. Mo mú ọ̀kan lọ fún Màmá ní Àpòmù, Ọmọ́ṣaléwá tẹ̀ lé mi. Màmá gbé e sáyà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Ta nìyí?"

Mo ní, "Bàbá rẹ ni."

Ó ní, "Ṣé wọ́n wá síbi ọjọ́ ìbí mi ni?"

Kí n tó la ẹnu, Màmá ti dáhùn: "Wọ́n wá, ọmọ mi. Ṣé o ò rí ọwọ́ wọn léjìká rẹ ni?"

Mo dákẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Ayọ̀ ojú Màmá ni mo ń wò, n kò fẹ́ bà á jẹ́. A jẹun, a wọkọ̀ padà sí Ìkirè, mo sì gbé tiwa kọ́ sí ògiri.

Ọmọ yín gbà á gbọ́! Kò tó oṣù kan tó fi ń rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ó ní ọwọ́ yín gbóná. Ó ní ẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gé kéèkì. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á máa wo àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo rò pé eré ni.

Tíṣà Adépọ̀jù ló ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ kan ní kíláàsì sọ pé bàbá Ọmọ́ṣaléwá ti kú, ni Ọmọ́ṣaléwá bá bu ọmọ náà jẹ lápá. Ó dúró níwájú tíṣà, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Irọ́ ló pa. Bàbá mi wà lára ògiri wa. Ẹ lọ wò ó."

Lójú ọ̀nà ilé ló bi mí léèrè, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀: "Mọ́mì, kí ni mo ṣe fún bàbá mi tí wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìbí mi?"

Áà, Rótìmí! Mo rò pé mo fún un ní bàbá ni. Bàbá tó wá, tó gbé ọwọ́ lé e, tó sì lọ láìkí i, òun ni mo fún un!

Mo mú un wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, mo gbé ọmọ náà lé itan mi, mo sọ òtítọ́ fún un, pé ẹ ti lọ kí n tó bí i. Mo pa léyà yín mọ́. Ògiri tó wà lẹ́yìn àga yọ síta, funfun báláú.

Kò sunkún. Ó wo ògiri yẹn títí. Ó ní, "Ṣé ẹ lè yọ èmi náà báyìí?"

Mo ní, "Mo lè ṣe é. Mi ò ní ṣe é láéláé."

Mo sọ tiwa kalẹ̀ lára ògiri. Nígbà tí mo dé Àpòmù láti bẹ̀bẹ̀ fún èyí tó wà lọ́wọ́ Màmá, wọ́n fi sẹ́yìn ara wọn. Wọ́n ní, "Jemima, fi í sílẹ̀ fún mi. Ṣé mo gbàgbé ibi tí a sin ọmọ mi sí ni? Mo mọ̀ pé kò wá." Wọ́n tún ní, "Ọmọdé yẹn ni n kò rò." Mo fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ sọ fún mi, ṣé mo ṣe dáadáa? N kò mọ̀.

Àwọn ènìyàn ṣì ń wá sọ́dọ̀ mi pé kí n fi òkú wọn sáàárín alààyè. Mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ọmọdé wà nílé. Àwọn mìíràn bínú, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Ìbàdàn.

Ọkọ mi, ẹ dárí jì mí. Àárò yín ló pọ̀ jù fún mi, ó bò mí lójú. A ò gbàgbé yín. A ò ní gbàgbé yín! Mo ṣì fẹ́ràn yín bí ọjọ́ tí ẹ mú mi wọlé.

Láàárọ̀ yìí, gbogbo wa lọ síbi ibojì yín. Màmá gbàdúrà, Ọmọ́wùmí fa koríko. Ọmọ́ṣaléwá ní òun náà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, bí wọ́n ti ń kí àgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàdé, ó ní:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni Ọmọ́ṣaléwá. A ò tíì ríra rí."