Orin Onílẹ̀kùn Méjì

Bàbá mi olóhùn iyọ̀,

Ọmọ yín ti di gbajúmọ̀. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn. Láti Ìlarò dé Ìdí-Ìrókò, ọlọ́kadà tí ò bá mọ orin mi, a jẹ́ pé adití ni. Àwọn ará òdìkejì bọ́dà tí wọn ò gbọ́ ju Ègùn àti Faransé lọ náà ń kọ ọ́. Èmi tẹ́ ẹ máa ń sọ pé fìlà nìkan ni orí mi wà fún.

Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ni ìdajì ẹ̀. Nígbà tí mo máa ń fi ọ̀kadà gbé yín lọ sóko lọ́nà Afọ̀n, ẹ ó jókòó sẹ́yìn mi, pákò lẹ́nu, ẹ ó máa kùn sí mi lọ́rùn. Ìlà kan náà ṣáá: Onílẹ̀kùn méjì, èwo lo gbà wọlé? Ẹ ó gbé e sókè, ẹ ó fà á walẹ̀, ẹ ó ní kò dáa, ẹ ó tutọ́. Tá a bá délé, ẹ ó kọ ọ́ sí ewúrẹ́ Màámi létí. Tí ewúrẹ́ bá dìde lọ, ẹ ó ní orin ò tíì jinná. Àìsàn mú yín lọ kó tó jinná.

Ìlà yẹn ò kúrò lórí mi. Mo fi ń pe kọ́sítọ́mà níbi tí mo ti ń ta ṣájà ní gáréèjì Ayétòrò. Ọ̀rẹ́ mi Kọ́lá, tó ní sitúdíò kótópó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ní ká gbà á sílẹ̀. A gbà á, kò dùn. A jù ú nù, a tún ṣà á. Mo wá fi àwàdà sí i: ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀kan, àlè dúró lẹ́nu èkejì. Ẹ̀rín pa mí, mo wúkọ́ láàárín ẹ̀. A ní a máa pa ìkọ́ yẹn rẹ́, a gbàgbé. Ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn fẹ́ràn jù. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín ṣe máa ń rí, Bàbá? Ṣé ẹ̀yin náà kì í mọ èyí tó máa dúró?

Nígbà tó dé Ìdí-Ìrókò ni kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tó ń kó ìrẹsì fàyàwọ́. Ilé ẹ̀ ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan kọjú sí títì, ọ̀kan kọjú sí igbó tó já sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n ní awakọ̀ ẹ̀, Mùtíù, gba ti títì wọlé lọ́jọ́ kan tí òun àti ọ̀gá jọ ń jà, ẹ̀yin ṣì wà láyé nígbà yẹn. Wọn ò rí i kó jáde. Ní báyìí, tí ọkọ̀ ọ̀gá yìí bá ń kọjá, àwọn ọlọ́kadà á fi hóònù lu orin mi.

Ṣé ọ̀gá yìí lẹ ní lọ́kàn? Ṣé Mùtíù tó máa ń bá yín ta ayò náà nìyẹn? Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?

Mo bi Màámi, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Ẹ̀fẹ̀ ni bàbá ẹ ń ṣe. Ó máa ń dúró de ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Á wọṣọ ẹ̀fẹ̀, á júbà àwọn ìyá wa, á wá kọrin lójú agbo. Ohun yòówù kó sọ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bínú. Ìwọ ńkọ́, kí lo wọ̀?"

Mo ní ṣọ́ọ̀tì. Mo ní ṣọ́ọ̀tì olówó ńlá ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá náà wá sílé wa. Ó kí Màámi dáadáa. Ó jókòó sórí àga yín, ó mu omi tán.

"Ọmọ dáadáa, ṣé orin yẹn ti tán, àbí ó kù?"

"Ó ti tán, sà."

"Wá kọ ọ́ fún mi nílé lọ́jọ́ Sátidé. Mọ́tò á wá gbé ẹ."

Kọ́lá ti pa orin náà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀. Àsán ni. Ẹnu àwọn èèyàn ló wà. Lánàá, àwọn ọmọ iléèwé kan ń kọjá, wọ́n kọ ọ́ débi tí mo parí ẹ̀ sí, wọn ò dúró. Wọ́n tún kọ èyí tí èmi ò kọ, tẹ́yin náà ò kọ: Olórin ti wọlé, ẹ bá wa ká lọ wò ó, èwo ló máa gbà jáde? Mo bi wọ́n léèrè ẹni tó kọ́ wọn. Wọ́n ní bó ṣe wà nìyẹn.

Òní ni Sátidé. Tí mi ò bá lọ, ọ̀gá yẹn á tún padà wá jókòó ti Màámi. Àwọn ọlọ́kadà ní àwọn á tẹ̀ lé mi, àwọn á dúró sójú títì. Mo bi wọ́n pé ta ló máa dúró lápá igbó. Kálukú ń wo táyà ẹ̀. Mo ti júbà àwọn ìyá wa láàárọ̀, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá mo sọ ọ́ dáadáa.

Bàbá, mọ́tò ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró lápá igbó yẹn.

Èmi ni, ọmọ yín aláriwo, tí àárò yín ń sọ.