Ìdúpẹ́ Lórí Iṣẹ́ Tí N Kò Tíì Fi Sílẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Màámi jó dé iwájú pẹpẹ, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ti fi iṣẹ́ géèmù sílẹ̀. N kò tíì fi í sílẹ̀.

Èmi gan-an wà láàárín ẹgbẹ́ akọrin tó kọ orin tí wọ́n jó sí. Kí n tó gbọ́ ohun tí à ń dúpẹ́ lé lórí, a ti kọrin dé ẹsẹ kejì. Ohùn tèmi wà nínú ohùn tí wọ́n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti àárín. Géèmù tí mo ń ṣe báyìí, ẹ kò bá a láyé. Èyí tí ẹ rí ni àkọ́kọ́, tí ẹ gbé fóònù jìnnà sójú, tí ẹ ń fi àtàǹpàkò kàn án díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá gọ́ọ̀mù ti gbẹ lára àga. Nínú ti ìsinsìnyí, ọlọ́kadà ni ẹni tó bá ń ṣe é. Yóò gbé èrò láti ọjà Ìlá lọ sí Òkè-Ìlá, tàbí kí ó kọjá sí Ìgbájọ, tòun ti ẹrù tí èrò náà bá gbé dání: àpò gààrí, ewúrẹ́, páànù ìbolé. Ṣọlá ló ń ya àwòrán rẹ̀ láti Ìgbájọ. Èmi ni mo ń kọ iṣẹ́ inú rẹ̀, èyí tó ń mú kí ọ̀kadà rìn kí ewúrẹ́ sì ké. Àwa méjì péré ni. A kò ní ọ̀gá, a kò sì ní iléeṣẹ́. Yàrá tí ẹ ń kó pákó sí tẹ́lẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdúpẹ́ yẹn, gbogbo nǹkan ń lòdì sí mi. Iná kì í dúró. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí fóònù kan ń kú lórí òmíràn. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé kí n mú ewúrẹ́ kúrò nínú géèmù. Ẹlòmíràn kọ̀wé pé ewúrẹ́ kò pọ̀ tó. Mo jókòó sídìí oúnjẹ, mo sì sọ fún Màámi pé géèmù yìí ti sú mi. Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Bí àgbẹ̀ bá ti oko dé tó ní oko ti sú òun, ṣé wọ́n máa ń jáde ìdúpẹ́ fún un pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ oko ni? Ẹ̀yin náà máa ń ju òòlù sílẹ̀, ẹ ó ní ẹ kò ní kan ìṣó mọ́ láyé yín. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í mọ́ tán tí a ó ti máa gbọ́ òòlù yín.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n yí mi ká. Ìyá kan tí mo mọ̀ láti kékeré di orí mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“O kú oríire o! Ọlọ́run ti já ọ gbà.”

“Lọ́wọ́ kí ni, mà?”

“Ṣebí géèmù náà ni. Bá mi fi ọkọ tèmi sínú àdúrà, kì í gbé e sílẹ̀ bó ti wù kó rí.”

Ọkọ wọn wà lẹ́yìn wọn gan-an. Bàbá náà rọra ti fóònù bọ àpò agbádá, wọ́n sì wo ibòmíràn.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀gá ilé-ìwé girama ìjọ wa tó wà ní Òkè-Ìlá fi dé. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní olùkọ́ kọ̀ǹpútà àwọn ti lọ, kí n wá rí àwọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Obìnrin gidi ni wọ́n, Bàbá. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ irú wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní màá wá.

Kí ilẹ̀ Ajé tó mọ́ tán, ìròyìn ti dé Ìgbájọ. Àǹtí kan tí Ṣọlá ní wà nínú Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ tiwa ní Ìlá níbí. Ṣọlá pè mí.

“Wọ́n ní a ti kógbá wọlé.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ọlọ́run ni wọ́n sọ ọ́ fún. Èmi kàn gbọ́ ọ lẹ́yìn ni.”

Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Òṣogbo ti ń pè é sí iṣẹ́ àwòrán láti ìgbà pípẹ́. Nítorí tèmi ló ṣe ń dá wọn dúró. Ó ní òun gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Bí Ṣọlá bá lọ, kò sí géèmù mọ́. N kò lè ya ewúrẹ́ kó jọ ewúrẹ́, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ rí ìwé àwòrán mi nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ bá Màámi ní ilé ìdáná. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí.

“Màámi, n kò sọ fún yín pé mo ti fi í sílẹ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Kí lẹ wá dúpẹ́ fún?”

“Ìgbàgbọ́ ni mo fi dúpẹ́. Ẹni tó bá dúró kí òjò tó rọ̀ kó tó dúpẹ́ òjò, kí ló fi sàn ju kèfèrí lọ?”

“Èmi kì í ṣe òjò.”

“Mo rí i. Òjò a máa gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

Mo fẹ́ bínú jáde. Wọ́n ní kí n dúró. Ohùn wọn ti yí padà.

“Bàbá rẹ lo jọ, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Eré ló fi ayé rẹ̀ ṣe fún àwọn ará ìjọ. Ọdọọdún ni yóò ti ṣọ́ọ̀bù, tí yóò ru okùn àti àpò lọ sí Gálílì. Nígbà tó dùbúlẹ̀, mélòó nínú wọn ló yà wá kí i?”

Mo bá wọn bó ẹ̀gúsí.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kò sí ọjọ́ Ajé Àjíǹde kan tí ìjọ lọ sí Gálílì láti jẹun lórí pápá tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣètò eré fún tọmọdé tàgbà. Eré inú àpò, ọsàn wẹ́wẹ́ lórí ṣíbí, fífa okùn láàárín akọrin àti àwọn ìyá ìjọ. Ẹ máa ń bọ́ bàtà, ẹ ó fi ẹsẹ̀ lásán rin gbogbo pápá náà kí ọmọ kankan tó sáré, ẹ ó máa ṣa àfọ́kù ìgò sínú fìlà yín. Ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n fun fèrè títí ẹ ó fi ka òfin eré lẹ́ẹ̀mejì. Bí àwọn kan bá sì ń jiyàn, ẹ ó yí òfin padà ní ọdún kejì, ẹ kì í yí i padà lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìlú ń pè yín ní Káfíńtà Gálílì, kò sì sí ẹni tó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ jáwọ́.

Ṣé ẹ retí wọn nígbà tí ẹ wà lórí ibùsùn àìsàn? Màámi ka àwọn tí kò wá, wọ́n sì ń kà wọ́n títí di òní. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ó dùn yín, àbí ẹ ti gba owó ọ̀yà yín lórí pápá, lójú gbogbo ènìyàn, tí a kò sì mọ̀? Ìwọ̀nba ni ẹ ń sọ̀rọ̀. Bí a bá bi yín ní nǹkan níbi iṣẹ́, ìṣó wà lẹ́nu yín, ẹ ó sì kàn mi orí. N kò mọ bẹ́ẹ̀ ni yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀ kọ́ nínú orí mímì yẹn. Ó ń bí mi nínú pé n kò lè bi yín kí ẹ yọ ìṣó lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ìlá. Kí n má parọ́ fún yín: mo ti fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Mo ti ń ro irú aṣọ tí olùkọ́ ń wọ̀. A ti jáde nílùú nígbà tí ọlọ́kadà náà wò mí nínú dígí rẹ̀.

“Àǹtí, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣe géèmù ọ̀kadà yẹn?”

Mo ní èmi ni.

“Ẹ bá mi tún un ṣe. Kò dáa.”

“Kí ló ṣe é?”

“Ìyàwó mi ń nà mí níbẹ̀.”

Mo ní kó ṣàlàyé.

“Ìyàwó mi tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí! Èmi tí mo fi ọ̀kadà kọ́lé! Ó ń gun òkè yìí bí ẹni ń lọ pọnmi, tèmi á kú sáàárín ọ̀nà. Gbogbo gáréèjì ló ti gbọ́. Wọ́n ní kí n gbé ọ̀kadà fún un, kí n máa lọ se ọbẹ̀.”

Mo bi í bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń gun òkè náà. Ó ní obìnrin náà á sọ èrò kalẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, á ní kó fi ẹsẹ̀ rìn, á sì dúró dè é lókè.

“Ìrẹ́jẹ wo tún nìyẹn? Èrò wo ló máa sọ̀? Èrò tó ti sanwó! Ẹ̀yin gan-an, ẹ wò ó, òkè rèé, ṣé ẹ máa sọ̀?”

A ti dé ibi tí ọ̀nà ti gbé orí sókè. Oòrùn mú. Bàtà tí mo wọ̀ kì í ṣe bàtà ìrìn.

“N kò ní sọ̀.”

“Ẹ ò rí i!”

Ẹ́ńjìnì ń kérora lábẹ́ wa. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un pé ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́ ẹ jẹ, pé òfin náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó, àmọ́ ó ń sọ tirẹ̀ lọ. Orí kunkun ọkùnrin náà pọ̀ ju ti ewúrẹ́ inú géèmù lọ. Nígbà tí a fi dé orí òkè, mo ti rí èrò tuntun kan lójú inú mi: ìyá arúgbó kan tó wọ bàtà tuntun, tí kò ní sọ̀ kalẹ̀ àfi bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́, tó sì jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ni ewúrẹ́ yóò máa já okùn. N kò mọ ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ọlọ́kadà ló jí mi.

Mo sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé mo dúpẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní lè wá. Wọ́n wò mí títí.

“Ṣùgbọ́n wọ́n ti dúpẹ́ lé e lórí.”

Bí ẹni pé mo ti fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀.

Mo pe Ṣọlá lábẹ́ igi níwájú ilé-ìwé náà, mo ní kó má gba iṣẹ́ Òṣogbo, à ń bá tiwa lọ. Inú rẹ̀ dùn, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn òbí òun náà ti gbọ́ pé ó ti parí. Ó ní òun kò lè dúró níwájú bàbá òun kí òun kọ iṣẹ́ olówó oṣù nítorí ohun tí gbogbo ilé mọ̀ pé ó ti kú.

“Iwájú pẹpẹ ni wọ́n ti pa á. Kì í ṣe orí fóònù la ti máa jí i.”

“Ṣé o fẹ́ kí n jó ni?”

“Jó. Àǹtí mi á ròyìn fún wa.”

Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà. Ẹ sọ fún mi, Bàbá, ìlú wo tún ni wọ́n ti ń pe Ọlọ́run sí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ orí fóònù?

Lánàá, mo lọ bá Àlùfáà. Wọ́n ń bomi rin ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi kéde pé àṣìṣe ni.

“Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò tíì rí ẹni tó gba ìdúpẹ́ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Àmọ́ kì í ṣe òótọ́, sà.”

“Tìyá rẹ ni. Bí o bá ní tìrẹ, wá ṣe tìrẹ. Wọ́n á bára wọn níwájú Ẹni tó ń gbọ́ ọ.”

Mo ní kí wọ́n kà mí mọ́ àwọn tó máa jáde lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, kí wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé géèmù tí mo ń ṣe tó ń tẹ̀síwájú ni mo ń dúpẹ́ fún. Wọ́n gbà. Ìgbà tí mo padà sílé ni mo tó rántí ohun tí mo fi ara mi sí. Ẹ mọ ìjọ wa. Ẹnikẹ́ni kì í dá jó lọ síwájú. Ẹbí rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Màámi nìkan ni ẹbí tí mo ní níbẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó sórí àga wọn, tí mo sì dá jó, gbogbo ìjọ ló máa rí i, àǹtí Ṣọlá sì wà lára wọn. Ohun tí yóò dé Ìgbájọ nìyẹn.

Mo sọ fún Màámi ní àárọ̀ yìí. Wọn kò bínú. Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ fún wọn pé mo kọ iṣẹ́ náà. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n jáde. Ní ọ̀sán, Àlùfáà pè mí pé Màámi ti wá bá àwọn, pé Màámi náà yóò jáde ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo bi wọ́n pé kí ni Màámi fẹ́ dúpẹ́ fún. Àlùfáà ní àwọn náà bi wọ́n, Màámi sì ní kí Àlùfáà fún òun di ọ̀la. Títí di ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ yìí tí mo ń kọ ìwé sí yín, wọn kò tíì sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ bá mi jó ni, àbí wọ́n fẹ́ tún dúpẹ́ pé mo ti fi í sílẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín ń sọ gidigidi.